Kí Wọ́n Tó Gbẹ́ Ilẹ̀: Èédú Ẹnúgu, Ooru Abẹ́ Ilẹ̀ àti Àwa Ará Ọ̀ṣun

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Kábíyèsí, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin ará Ìfọ́n àti ẹ̀yin ará Ìlobùú, inú gbọ̀ngàn kan náà ni ẹ jọ jókòó sí lónìí. Inú mi dùn púpọ̀ sí bí ẹ ṣe jọ jókòó yìí, n óò sì padà sórí rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Èédú inú ilẹ̀ àti ooru tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan Ìfọ́n nínú èédú. Lóòótọ́, kò sí èédú lábẹ́ ilẹ̀ tiwa. Igi àti ewéko tó rì sínú àbàtà láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún, tí yẹ̀pẹ̀ sì bò mọ́lẹ̀ títí tó fi le, ló ń di èédú. Àpáta líle àtayébáyé ló tẹ́ abẹ́ ilẹ̀ Ọ̀ṣun, irú àpáta bẹ́ẹ̀ kì í sì í gbé èédú. Ṣùgbọ́n èédú ti wọ ilé wa rí. Ní ọdún 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo níbí, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí wa. Iná ló ń se omi nínú ikùn ọkọ̀ náà kí ó tó lè rìn. Nígbà tó yá, èédú Ẹnúgu di oúnjẹ ọkọ̀ ojú irin káàkiri orílẹ̀-èdè. Èédú náà ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọra, tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1923, ń jó. Ọkọ̀ òkun ló ń kó o wá láti Pọtakọ́ọ̀tù. Kòkó àti àwọn irè oko mìíràn tí àwọn bàbá wa dì sínú ọkọ̀ ní Òṣogbo, òógùn àwọn awakùsà ilẹ̀ Ìgbò wà nídìí bó ṣe dé etí òkun.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Ìlú tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò dáhùn fún ẹ̀mí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ, kí ó sì mọ ohun tí yóò kù nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àlùmọ́ọ́nì bá tán. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ẹnúgu. Ní 1909 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ìjọba òyìnbó rán jáde, tí Albert Kitson jẹ́ ọ̀gá wọn, rí èédú ní agbègbè Údì. Ìjọba kò fi falẹ̀ rárá. Wọ́n dá èbúté Pọtakọ́ọ̀tù sílẹ̀ nítorí èédú yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, nígbà tó sì di 1916, rélùwéè ti so ibi ìwakùsà pọ̀ mọ́ etí òkun. Ibi tí kò sí ìlú ńlá kankan tẹ́lẹ̀ di ìlú Ẹnúgu. Ta ló wọ inú ihò? Kò kọ́kọ́ sí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Àwọn olóyè tí òyìnbó fún ní ìwé àṣẹ, bí Onyeama ti Eke, ni wọ́n gbà kó àwọn ọ̀dọ́ abúlé wọ ibẹ̀. Kábíyèsí, mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀: nínú ìtàn ìwakùsà nílẹ̀ yìí, ọwọ́ olóyè ni iléeṣẹ́ àti ìjọba sábà máa ń gbà wọlé kó tó di pé wọ́n bá ará ìlú sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ inú ihò náà kò rọrùn. Àwọn tó ń gé èédú a fi dígà gún ara ògiri èédú, ẹlòmíràn a tẹ̀ kọdọrọ nítorí pé òkè kò ga, iná fìtílà ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ríran. Àwọn mìíràn a kó ohun tí wọ́n gé sínú kẹ̀kẹ́ irin, wọn a tì í lórí irin títí dé ojú òde. Omi ń kán sí wọn lára, eruku dúdú ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀; Okwudili Ojiyi ni akọ̀wé rẹ̀. Ìjà owó tí wọ́n gbà pé àwọn ọ̀gá jẹ wọ́n ló dé ní 1949. Wọn kò da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kàn ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọ̀gá lé àádọ́ta nínú àwọn tó ń gé èédú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ni àwọn òṣìṣẹ́ bá jókòó sínú ibi iṣẹ́, wọn kò lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.

Ẹ̀rù ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, tó wà nípamọ́ nínú ihò, ló wá ń ba ìjọba. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá lọ kó o jáde. Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Kọkànlá, 1949, ni wọ́n dé ibi ìwakùsà Iva Valley. Àwọn awakùsà péjọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Púpọ̀ nínú wọn so àkísà pupa mọ́ra láti fi hàn pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kò mú ìbọn dání. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó kó wọn wá, Captain Philip, kò gbọ́ èdè wọn. Ijó náà di ijó ogun lójú rẹ̀, aṣọ pupa náà sì di àmì ìjà. Ó pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 kú, ọ̀pọ̀ mìíràn sì gbọgbẹ́.

Ìròyìn náà gba gbogbo Nàìjíríà kan. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí kì í jọ jẹun tẹ́lẹ̀ di ọ̀kan fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dá ìgbìmọ̀ pàjáwìrì sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Sir William Fitzgerald sì ni alága rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nípa Philip kò ju pé ó ṣi ọ̀rọ̀ gbé lọ. Kò sí ìjọba tó ṣubú, kò sí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n. N kò rí bí ènìyàn ṣe lè ka ìwé àbájáde ìgbìmọ̀ yẹn kí inú rẹ̀ má bàjẹ́.

Ẹ fi iye yẹn, 21, sọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ìhà àríwá ayé, sí àwọn erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Svalbard, tó wà lábẹ́ Nọ́wè. Láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di àárín oṣù Kejì, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Ilẹ̀ rẹ̀ dì bí yìnyín wọ inú lọ jìnnà. Èédú ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú àwọn ènìyàn lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, John Munro Longyear, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1906, orúkọ rẹ̀ ni ìlú Longyearbyen sì ń jẹ́ títí di òní. Ní 1916, ọdún kan náà tí rélùwéè so Ẹnúgu mọ́ Pọtakọ́ọ̀tù, ni àwọn ará Nọ́wè dá iléeṣẹ́ èédú Store Norske sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìlú kékeré mìíràn ní Svalbard, Ny-Ålesund, ìjọba Nọ́wè fúnra rẹ̀ ló ni ibi ìwakùsà. Ní 5 oṣù Kọkànlá 1962, gáàsì gbiná nínú ihò. Awakùsà 21 ló kú. Ìwádìí fi hàn pé wọn kò bójú tó ààbò bó ṣe yẹ. Ilé aṣòfin wọn bínú, wọ́n sọ pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba mọ́, ìjọba Einar Gerhardsen sì ṣubú ní oṣù Kẹjọ 1963. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó padà sórí oyè. Ṣùgbọ́n wọn kò wa èédú ní Ny-Ålesund mọ́. Ibùdó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ibẹ̀ jẹ́ lónìí.

Ènìyàn 21 níhìn-ín, ènìyàn 21 lọ́hùn-ún. Ẹ̀mí kan kò níye lórí ju èkejì lọ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni pé àwọn awakùsà Nọ́wè àti ìdílé wọn ní ìbò lọ́wọ́, wọ́n sì ní aṣòfin tó lè pe olórí ìjọba lẹ́jọ́. Awakùsà Ẹnúgu ń bá ìjọba tí kò yàn sọ̀rọ̀, ìjọba yẹn kan náà ló ni èédú, òun ló ni ọlọ́pàá, òun náà ló ni ìgbìmọ̀ ìwádìí. Níbi tí ẹnìkan bá ti jẹ́ oníṣòwò, olùṣọ́ àti adájọ́ pọ̀, ẹ̀mí òṣìṣẹ́ kì í ní alágbàwí.

Báwo ni èédú Ẹnúgu ṣe parí? Ìjọba dá àjọ èédú Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1950. Ní 1958 sí 1959, ohun tí wọ́n wà jáde lọ́dún kan lé ní 900,000 tọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà, rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísù rọ́pò èédú, epo rọ̀bì ti jáde ní Olóìbírì, gáàsì náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ogun abẹ́lé dé, wọ́n sá fi ihò sílẹ̀, omi kún inú wọn. Wọ́n gbìyànjú láti jí iṣẹ́ náà dìde lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i mọ́. Kò sí ẹni tó jókòó ní 1950, nígbà tí owó ń wọlé, láti béèrè iṣẹ́ tí ìlú yóò ṣe lẹ́yìn èédú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, gbogbo àgbàlagbà ló mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ibi ìwakùsà ni a ti máa ń gbàgbé rẹ̀ jù.

Èédú kò sì tíì tán nílẹ̀ wa o. Wọ́n ń wà á ní ìpínlẹ̀ Kogí àti ní Maiganga ní Gombe, àwọn iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ló ń jó o jù. Nígbà tí wàhálà Niger Delta dí gáàsì lọ́wọ́ ní 2016, Dangote yí àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ sí èédú, títí kan èyí tó wà ní Ìbẹ̀ṣe ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìyẹn ni pé sìmẹ́ǹtì tí a fi ń kọ́lé lápá ìhín náà ní èédú nínú.

Àwọn ará Svalbard náà mọ̀ pé tiwọn ń parí lọ. Ní 2017, ìjọba Nọ́wè pinnu láti ti ibi ìwakùsà Svea pa, wọ́n sì tú ilé àti ẹ̀rọ ibẹ̀ palẹ̀, wọ́n tún ilẹ̀ náà ṣe kí ó lè padà sí bó ṣe wà. Ìjọba ló san owó rẹ̀. Ní 2023, wọ́n pa iná ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń jó èédú ní Longyearbyen. Ibi ìwakùsà tí wọ́n ń pè ní Mine 7, tó kẹ́yìn lọ́wọ́ àwọn ará Nọ́wè, ìbá ti tilẹ̀kùn lọ́dún kan náà, ogun Ukraine ló mú wọn sún un síwájú di 2025. N kò sọ pé wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa. Dísù ni wọ́n fi rọ́pò èédú, dísù sì lówó lórí, kò mọ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìdí nìyí tí Store Norske, oníṣòwò èédú fún ọgọ́rùn-ún ọdún, fi ń yẹ ilẹ̀ wò nísinsìnyí bóyá ooru tó wà nísàlẹ̀ lè mú ilé gbóná.

Nǹkan kan wà ní Longyearbyen tó kàn wá gan-an. Nítòsí ibi ìwakùsà tó ti kú ni wọ́n gbẹ́ àká irúgbìn gbogbo ayé sí, inú òkè ló wà, wọ́n ṣí i ní 2008. Àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó irúgbìn lọ síbẹ̀, ẹ̀wà ilẹ̀ Áfíríkà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́lẹ̀ kan bá ṣẹlẹ̀ tí a pàdánù irúgbìn wa níbí, ọ̀dọ̀ wọn la ó ti lọ gbà á. Fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iná tí wọ́n fi èédú ṣe ló ń mú kí ẹ̀wà wa tutù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ooru abẹ́ ilẹ̀. Bí a bá ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni ó ṣe ń gbóná sí i. Níbi tí iná òkè ayọnáyèéfín bá wà nítòsí, ooru náà kò jìnnà. Wọn a gbẹ́ kànga tó jìn tó kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta, omi gbígbóná a tú jáde, apá kan rẹ̀ ti di oru, oru náà a máa yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ a pèsè iná. Omi tó kù, wọn a dá a padà sínú ilẹ̀. Larderello ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 1904. Ní Iceland, ooru yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ ilé gbóná. Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn: ní Olkaria ní Kẹ́ńyà, wọ́n tan ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mẹ́gáwáàtì 15, ní 1981, lónìí sì rèé, ó lé ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún iná Kẹ́ńyà tó ń wá láti inú ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó yẹ kí gbogbo aláwọ̀ dúdú fi yangàn.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ti àwọn ará Maasai tó ni ilẹ̀ Olkaria. Ní 2014, nítorí ẹ̀rọ Olkaria kẹrin, wọ́n kó àwọn ìdílé kan kúrò níbi tí wọ́n ti ń da ẹran lọ sí abúlé tuntun. Wọ́n kọ́ ilé bíríkì fún wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tuntun náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀nà kò dára, ìwé ilẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn sí Báǹkì Àgbáyé àti sí báǹkì ìdókòòwò ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí pé owó àwọn báǹkì yìí wà nínú iṣẹ́ náà, ó sì di ohun tí wọ́n jókòó ìlàjà lé lórí. Iná tó mọ́, tí kì í rú èéfín, tún lè lé onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ "agbára tó mọ́" di yín lójú.

Mo mọ̀ pé ìsun omi Ìkọ́gòsì ti wà lọ́kàn àwọn kan láti àárọ̀. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń sàn bọ̀ láti apá kan, omi tútù ń sàn bọ̀ láti apá kejì, wọ́n pàdé lábẹ́ igi ńlá, ẹ sì lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí kí ẹ ki èkejì bọ ìyẹn. Omi òjò tó gba pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà ló gbóná níbẹ̀, tó sì tún gba ọ̀nà mìíràn padà wá sókè. Kò sí òkè ayọnáyèéfín nídìí rẹ̀. Ṣé ó lè fún wa ní iná mànàmáná? Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, kò lè ṣe é. Ní Chena ní Alaska, níbi tí wọ́n ti fi omi tí kò gbóná púpọ̀ pèsè iná láti 2006, omi náà tó 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè bó ènìyàn lára. Ti Ìkọ́gòsì, a ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a tọ́jú rẹ̀ fún àlejò àti fún ìsinmi ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Fún iná ní Ìfọ́n àti Ìlobùú, oòrùn ló súnmọ́ wa jù, òfin iná mànàmáná 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná kí ó sì ṣàkóso rẹ̀.

Wúrà ni èédú tiwa. Ìjẹ̀ṣà ló pọ̀ sí jù, Ìpẹ̀rìndó sì ni iléeṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà ní 2021. Ní ti àwọn tó ń wà á láìgba àṣẹ, odò ló ń jìyà iṣẹ́ wọn. Wọn a gbẹ́ etí odò, wọn a fọ yẹ̀pẹ̀ nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ a sì ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Odò Ọ̀ṣun tí a mọ̀ di pupa rúsúrúsú. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àwọn ènìyàn ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá bu omi bí wọ́n ti ń ṣe láti ìran dé ìran, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún. Ojúbọ Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé kà sí ohun ìní aráyé láti 2005, a kò lè fọkàn balẹ̀ mu omi rẹ̀. Inú Ọ̀ṣun yìí ni odò Erinlẹ̀ tiwa ń ṣàn sí.

Kí ni òfin sọ? Òfin àlùmọ́ọ́nì 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán. Ìwé òfin nìyẹn. Bí ìlú kò bá béèrè fún àdéhùn náà, inú àpótí ni yóò wà.

Ibí ni mo ti fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ ìjókòó yín lónìí. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìjà ààlà ti gbà lọ́wọ́ Ìfọ́n, Ìlobùú àti àwọn aládùúgbò wa: ẹ̀mí, ilé, ọjà. Ìlú méjì tó ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ ni awakùsà tó ní èrò burúkú ń wá. Yóò lọ bá ọ̀kan lóru, yóò gba ìbuwọ́lù, yóò sì sọ fún èkejì pé ọwọ́ ti bọ ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá dé pé òun rí nǹkan lábẹ́ ilẹ̀ wa, kí ìlú méjèèjì jọ jókòó bí ẹ ti jókòó yìí, kí ẹ tó gba kọ́lọ́bọ́ ọtí kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Kábíyèsí, ẹ̀yin olóyè, mo bẹ̀ yín: ẹ má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọn kò kọ ní Yorùbá, tí wọn kò sì kà síta lójú ará ìlú. Kí orúkọ ẹni tí yóò dáhùn bí òṣìṣẹ́ bá kú wà nínú rẹ̀. Kí owó tí wọn yóò fi dí kòtò ti wà ní báǹkì kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò náà. Kí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ odò. Iléeṣẹ́ tí kò bá lè gba èyí, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ; ilẹ̀ wa kò ní sá lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní jẹrà kí àwọn ọmọ wa tó dàgbà.